Kí Katapílà Tó Dé: Ẹ̀kọ́ Lórí Wíwó Àwọn Ahoro Ilé-Iṣẹ́

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ewì, òwe tàbí ìtàn àtẹnudẹ́nu ni a máa ń gbé yẹ̀ wò ní ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ojúbọ. Ilé-iṣẹ́ ni, èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti dákẹ́, tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ wó.

Ohun tó mú wa ronú kan ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa lọ kí bàbá àgbà kan, ọmọ Ìkìrun, tó ti ń gbé Port Harcourt láti ọdún 1974. Nígbà tí Bàbá ń sìn wá sọ́nà, a gba Trans-Amadi kọjá, a sì dé iwájú ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní í dárúkọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àmì sí ara ògiri rẹ̀, irú àmì tí gbogbo wa mọ̀ pé katapílà ló ń tẹ̀ lé e. Bàbá dúró, ó ń wo òkè.

A bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ibí yìí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gba ẹnu géètì yìí wọlé. Iná ti jó àwọn ìwé iṣẹ́ mi ní ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti padà sílé. Ògiri yìí nìkan ló kù tí mo lè na ọwọ́ sí, kí n sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé ibẹ̀ ni mo ti ṣe ọkùnrin."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Fóònù wà lọ́wọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, a sì fẹ́ ṣe é dáadáa. A ṣèlérí pé ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó padà wá ya gbogbo ilé náà, a ó sì gba ohùn Bàbá sílẹ̀ níwájú géètì náà. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ìlérí náà já sí kí ẹ̀kọ́ yìí tó parí.

Ahoro, Àlàpà àti Àwókù

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè, nítorí òun ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ilé tí ènìyàn ti kúrò nínú rẹ̀. Bí àwọn onílé bá ṣí lọ, tí ilé náà ṣì dúró, ahoro ni. Bí òrùlé bá ti lọ, tí òjò ti lu ògiri títí tó fi ku àjákù, àlàpà ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o, ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ni àwókù.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ju ti ẹnu lásán lọ. Ahoro lè padà di ilé. Bí ọmọ onílé bá dé, tó ro koríko, tó tún òrùlé ṣe, iná yóò tún jó nínú ààrò. A lè fi amọ̀ lẹ àlàpà bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá lágbára. Àwókù ni kò sí ohun tí a lè fi ṣe mọ́ ju kí a kó o dànù lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ ahoro di àwókù ń ṣe ohun tí kò ṣe é tún ṣe, ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni pé ahoro kò túmọ̀ sí aláìlólówó. Àwọn ènìyàn ti kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé láti nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Síbẹ̀, títí di òní, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọmọ Ọ̀yọ́ pé ilẹ̀ baba rẹ̀ yẹn kò ní olówó. Inú ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Old Oyo National Park ni àwókù ààfin àti odi ìlú náà wà.

Ní Port Harcourt gan-an, ọ̀rọ̀ yìí gba ìṣọ́ra. Nígbà ogun abẹ́lé, ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ gba ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ Ígbò tó kọ́lé síbẹ̀ ti sá lọ. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, àwọn tó padà wá bá a pé ìjọba ti sọ ilé wọn di ohun tí wọ́n ń pè ní "abandoned property", wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá ẹjọ́ àti ìbínú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò gbé e wá síhìn-ín láti hú egbò jinná. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé, ní ìlú yìí, ẹni tó bá sọ pé ilé kan "ti di pípatì" ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i àti ẹni tí kò ní.

Ìlú Tí Iṣẹ́ Dá Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé ọdẹ ló tẹ ìlú baba wa dó, tàbí ọmọ ọba tó bínú kúrò nílé. Ti Port Harcourt kò rí bẹ́ẹ̀. Èédú ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1909, àwọn òyìnbó rí èédú ní agbègbè Udi, lẹ́bàá ibi tí Enugu wà lónìí. Wọ́n nílò èbúté tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti máa kó o, wọ́n sì rí ibi tí omi ti jìn tó lórí ilẹ̀ àwọn ará Ìkwerre àti Okrika. Ní ọdún 1913, Lugard sọ èbúté náà ní Port Harcourt, ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 1916, réluwé ti ń gbé èédú láti Enugu wá sí etí omi.

Lẹ́yìn èédú ni epo rọ̀bì. Ọdún 1956 ni wọ́n rí i ní Oloibiri. Ní ọdún 1958, epo àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà tà sí òkè òkun gba Port Harcourt jáde. Ní àkókò yẹn náà ni ìjọba ya Trans-Amadi sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà ilẹ̀. Àwọn onísìgá, àwọn oníìgò, àwọn alágbẹ̀dẹ irin, gbogbo wọn kó wá. Ní ọdún 1962, Michelin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà níbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Dunlop bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Oje igi rọ́bà láti inú igbó Edo, Delta àti Ondo wá ń di táyà ní ilẹ̀ wa fúnra wa.

Iṣẹ́ yìí ló fa ọ̀pọ̀ Yorùbá wá síhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo bàbá wa ló bá ọjà tàbí iṣẹ́ ìjọba wá. Àwọn kan mọ iná irin jó, àwọn kan mọ mọ́tò tún ṣe, àwọn mìíràn kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ni.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí ìjọba dín owó orí táyà òkèèrè kù, táyà olówó pọ́ọ́kú ya wọlé bí omi. Iná ìjọba kò dúró, owó epo tí wọ́n ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ sì ń ga sí i. Ní ọdún 2007, Michelin dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt. Ní ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń di ahoro nìyẹn. Kì í ṣe pé ilé ló gbó. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn Firestone: Ọjọ́ Ìsinmi Kan Ní Lọ́ńdọ̀nù

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ táyà, ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ilé-iṣẹ́ táyà mìíràn ṣe àríkọ́gbọ́n. Òun ni gbogbo àwọn tó ń kọ́ nípa wíwó ahoro ilé-iṣẹ́ máa ń rántí.

Harvey Firestone jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1926, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ìjọba Làìbéríà ṣàdéhùn pé àwọn yóò lo ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, láti fi gbin igi rọ́bà. Ní ọdún 1928, ilé-iṣẹ́ kan náà ṣí ilé táyà kan ní Brentford, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, létí títì Great West Road. Ẹ jẹ́ kí a fi í sọ́kàn pé ilẹ̀ adúláwọ̀ wà nínú ìtàn ilé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé náà gùn gbọọrọ, ó funfun, òpó sì tò lọ ní iwájú rẹ̀ bíi ti tẹ́ńpìlì Íjíbítì àtijọ́. Wọ́n fi àwo aláwọ̀ mèremère ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Wallis, Gilbert and Partners ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba títì náà kọjá yóò rò pé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ níyì bíi ti ààfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì tibẹ̀ jẹun fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ní ọdún 1979, wọ́n kéde pé àwọn yóò ti ilé náà pa. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Trafalgar House, rà á. Àwọn tó mọyì ilé náà fẹ́ kí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé tí òfin dáàbò bò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti ń ṣètò ìwé náà. Ó ku kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 bọ́ sí àsìkò ìsinmi. Ọ́fíìsì ìjọba wà ní títì. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn tó ni ín kó ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì wó iwájú ilé náà, ibi tó lẹ́wà jù lọ lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sí ohun tí ìwé wọn lè dáàbò bò mọ́.

Ariwo ta. Ìtìjú náà ló mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980 kan náà, wọ́n kọ orúkọ ilé Hoover ní Perivale àti ti ilé iná mànàmáná Battersea sínú ìwé ààbò. Àwọn ayàwòrán kan náà tó ṣe ti Firestone ló ṣe ti Hoover. Ilé Firestone kú kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè yè. Lónìí, géètì àti irin ọgbà rẹ̀ ṣì dúró létí títì náà, òfin sì ń dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń ṣọ́ kò sí mọ́.

Ìwé Nìkan Kò Tó

Ẹnì kan nínú wa lè sọ pé, "Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni, ó yá, ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí ìjọba." Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdàkejì ìtàn náà, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó.

Ní Tinúbú Square, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez, lára àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ìdílé Olaiya sì rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìwé wà, àmì wà, òfin wà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Sunday, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ni, ilé gbígbé àti ilé ọtí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Ní Brentford, ìwé pẹ́ kó tó dé. Ní Èkó, ìwé ti wà fún ọgọ́ta ọdún, kò sì rí nǹkan ṣe. Ẹ tún kíyè sí i pé ní ìlú méjèèjì, ọjọ́ tí kò sí ẹni tó ń wò ni wọ́n yàn.

Kí ló wá ń gba ilé là? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èbúté-Mẹ́ta, ní ọgbà réluwé. Ilé kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898. Ó ti ń di àlàpà kí ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Legacy, tí àwọn onífẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, tó bá àjọ réluwé sọ̀rọ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ṣe ibi ìṣẹ̀ǹbáyé réluwé. Ẹnu àwọn ènìyàn tó mọ ìtàn ilé náà, tí wọn kò sì dákẹ́, ló gbà á là.

Ní Lọ́ńdọ̀nù bákan náà, Michelin yìí kan náà ní ilé kan tó ṣí ní ọdún 1911, tí wọ́n ń pè ní Michelin House, ibi tí wọ́n ti ń ta táyà tí wọ́n sì ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Michelin kó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1985. Àwọn mìíràn rà á, wọ́n tún un ṣe, ó sì di ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ ní ọdún 1987. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ títí di òní. Bí ilé táyà kan bá lè di ohun àmúyangàn ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ló dé tí ti Port Harcourt kò fi yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀?

Ṣé Gbogbo Ahoro Ló Yẹ Kí A Dá Sí?

Rárá o. A kò gbọdọ̀ tan ara wa. Ahoro mìíràn wà tó jẹ́ pé ewu ni. Páànù asbestos tí wọ́n fi kan òrùlé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ máa ń tú eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bó bá fọ́. Ògiri lè ya lu ọmọ kékeré. Àwọn adigunjalè lè fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Àwọn ọ̀dọ́ Port Harcourt náà nílò iṣẹ́ àti ilé, ilẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ebi ń pa kò ní í gbọ́ wa bí a bá ní kí ó máa wo ògiri.

Dídá ilé sí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé iná Battersea tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 1983. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i fún àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà àti ibùgbé. Ọdún 39 ló fi wà ní ahoro, ọ̀pọ̀ olówó sì gbé e títí ó fi sú wọn. Bí ìlú olówó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó, tiwa ń kọ́?

Nítorí náà, kì í ṣe "ẹ má wó o" ni a ń sọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a tó wó o, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí a dáhùn. Èkíní: ta ló ni ín, ta sì ni ilé náà ṣì jẹ ní gbèsè? Èkejì: ṣé a lè lò ó fún nǹkan mìíràn? Ẹ̀kẹta: kí ló wà nínú rẹ̀ tó lè pa àwọn aládùúgbò lára bí a bá wó o láìṣọ́ra? Ẹ̀kẹrin, èyí tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ: ṣé a ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba àti olówó. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ wa.

Ohun Tí Ọwọ́ Wa Tó

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀dà pupa ara ògiri ti sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe láìsí owó púpọ̀:

1. Kí a ya ilé náà láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ojú títì. Kí a ya géètì, orúkọ ara ògiri, àti òkúta ìpìlẹ̀ tí ọdún wà lára rẹ̀. Kí a má ṣe wọ inú ahoro láìgba àṣẹ. Ewu wà níbẹ̀.

2. Kí a wá àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kàn, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí a bi wọ́n léèrè bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ohun tí wọ́n ń jẹ, orin tí wọ́n ń kọ, ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn.

3. Kí a kọ àwọn orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ sílẹ̀. Níhìn-ín ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan. Bí òṣìṣẹ́ náà bá kú, ó parí nìyẹn.

4. Kí a ya àwòrán káàdì iṣẹ́, ìwé owó oṣù àti fọ́tò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, kí a sì dá ojúlówó rẹ̀ padà fún wọn lójú ẹsẹ̀.

5. Kí a tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo sí ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé. Iná tó jó ìwé Bàbá kọ́ wa ní èyí.

Àsọkágbá

Ó yẹ kí a wá sọ ibi tí ìlérí wa já sí. Sátidé tí a dá kò ṣe é ṣe, nítorí pé ìdánwò àárín sáà wọlé. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni a tó padà lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, iwájú ilé náà ti lọ. Katapílà méjì dúró lórí àwókù, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ń gé òpó sí wẹ́wẹ́. A ti bú àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ fún ìsinmi nígbà tí ìwé Firestone wà lórí tábìlì wọn, àṣé àwa náà kò sàn jù wọ́n lọ.

Bàbá wà níbẹ̀, ó di ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan mú. Kò bá wa wí. Ó kàn sọ pé, "Ẹ pẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi."

A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a bá a lọ sílé, a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Òun ló sọ fún wa pé jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́ náà ní orúkọ láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Àjẹìyó, nítorí bó ṣe ń mu epo. Ó dárúkọ àwọn mọ́kànlá tí wọ́n jọ wà ní ẹnu ẹ̀rọ kan, ó sọ ìlú tí oníkálukú ti wá. Ígbò, Kàlàbárì àti Yorùbá wà nínú wọn. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Àwòrán ilé náà ni a kò ní, a kò sì lè ní in mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò gùn. Ilé-iṣẹ́ tó dahoro kì í ṣe ògiri lásán. Ẹ̀rí ni fún àwọn tí kò ní ẹ̀rí mìíràn. A lè má lágbára láti dá katapílà dúró, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ó bá ìtàn náà nílẹ̀ láìkọ. Bí ẹ bá rí ọ̀dà pupa lára ògiri, ẹ má ṣe dá Sátidé kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ yọ fóònù yín.

Ìbéèrè Fún Ìjíròrò Ní Ìpàdé Wa

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ahoro, àlàpà àti àwókù? Ṣé ẹ̀ka èdè ti ìlú yín ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún wọn?

2. Kí ni ó jọra nínú ìtàn Firestone àti ti Ilojo Bar? Kí ni ó sì yàtọ̀?

3. Bí wọ́n bá fi yín ṣe olórí ìgbìmọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ kan tó ti dahoro ní Trans-Amadi, kí ni ẹ ó fi ṣe? Ẹ ro ti àwọn aládùúgbò mọ́ ọn.

4. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wá òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan kàn, kí ó sì mú orúkọ ẹ̀rọ mẹ́ta bọ̀ láti ẹnu rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.